Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ẹni tí àrùn lupus ń bá fínra. Ẹ ó rí i tó múra dáadáa, tó kun àtíkè, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ní mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló bá a de bọ́tìnnì aṣọ náà láàárọ̀, torí ìka ọwọ́ rẹ̀ gan, kò ṣeé ká.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí Elédùwà fi sára wa láti máa lé àrùn ló yíjú padà, tó ń bá ara fúnra rẹ̀ jà: oríkèé, awọ, kíndìnrín, nígbà mìíràn ọpọlọ pàápàá. Nínú ẹni 10 tó ní in, nǹkan bíi 9 ló jẹ́ obìnrin, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Kì í ràn. Àpá tó wà lójú Seal, olórin ìlú London tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, irú lupus tó ń mú awọ ló fi í síbẹ̀. Oògùn wà tó ń tẹ àrùn náà lórí ba, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó ń lé e lọ pátápátá.

Ìrora wà, àárẹ̀ tí oorun kì í wò wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ló ń fọ́ ọkàn jù. "Ọ̀lẹ ni." "Ta lo ṣẹ̀ tó ń fi àìsàn bá ẹ jà?" Bí prednisolone, ọ̀kan lára oògùn tí aláìsàn ń lò, bá sì mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, wọn a ní ó ń gbádùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àrùn yìí, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ fún dókítà pé orúnkún ń dùn yín, ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ẹ ò rí oorun sùn, pé ẹ ń sunkún láìnídìí. Àrùn náà lè fà á, oògùn náà sì lè fà á. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró lójijì o, ewu ńlá ni.

Ẹ máa ṣọ́ agbára yín ná bí owó ọjà. Ní ọdún 2003, Christine Miserandino, ọmọ Amẹ́ríkà tó ní lupus, fi ṣíbí tó dúró fún agbára ṣàlàyé èyí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí kan ìwẹ̀, ló ń gba ṣíbí kan lọ. Ẹni tó ná gbogbo rẹ̀ tán lówùúrọ̀, kí ni yóò fi se oúnjẹ alẹ́?

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Arọ́, l'Ábẹ́òkúta, ní ọdún 1954, abúlé ló fi wọ́n wọ̀ sí, tàwọn tìbátan tó ń tọ́jú wọn. Ẹ̀kọ́ yẹn ò tíì gbó: ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì ń fẹ́ èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá ọkọ tó ní, "Ìyàwó mi, jókòó, màá bá ẹ ro ọkà náà," ti ṣe ju oníwàásù lọ. Bí aláìsàn náà bá sì wí pé ayé sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Alángbá ò lè sọ pé inú ń run òun. Èèyàn lè sọ ọ́. Bó bá ti là á lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á gbọ́.