Ẹ̀rọ Omi Ilé Ìdáná Tó Ń Kán Lẹ́yìn Ìkún Omi

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò, ọ̀pọ̀ nínú yín tó ti ń padà wọlé ló ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ omi ilé ìdáná kì í dákẹ́, bí ẹ tilẹ̀ ti pa á. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ìkún omi kó sínú kànga àti táńkì ló sábà máa ń fà á: wọ́n ń bá páìpù wá, wọ́n sì ń fá rọ́bà kékeré inú ẹ̀rọ náà, wọ́ṣà, tó yẹ kó dí omi.

Bó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní lítà 4 lójúmọ́. Níbi tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi sókè, owó epo ló ń kán lọ yẹn. Ògiri tí ẹ fẹ́ kó gbẹ náà kò ní gbẹ.

Ẹ má fi agbára pa á. Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, òun ló sì máa ń parí rọ́bà tó ti fẹ́ já. (Ẹ̀rọ tí ẹ ń yí lọ yí bọ̀ kó tó ṣí ni mo ń sọ. Èyí tí ẹ ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kò ní irú wọ́ṣà yìí. Ẹ pe oníṣẹ́.)

Ẹ ti omi pa lábẹ́ síńkì tàbí nídìí táńkì, kí ẹ sì sọ fún àwọn ayálégbé yòókù kí ẹ tó tì í. Bí ìkún omi bá dé ibi sókẹ́ẹ̀tì iná, ẹ má tan ẹ̀rọ tó ń fa omi títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ṣí ẹ̀rọ kí omi inú rẹ̀ tán, kí ẹ fi àkísà dí ihò síńkì kí síkúrù má baà jábọ́ síbẹ̀. Ẹ tú síkúrù ọwọ́ rẹ̀, ẹ yọ ọwọ́ náà, kí ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ sí apá òsì. Ọ̀pá inú rẹ̀ yóò jáde. Wọ́ṣà wà nídìí rẹ̀. Ẹ mú èyí tó ti gbó dání lọ sọ́jà, ẹ má fẹnu júwe rẹ̀, torí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra.

Ibi tí èmi fúnra mi ti kùnà nìyí: mo fi tuntun sí i, kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún ń kán. Mi ò fọ iyanrìn kúrò nínú páìpù. Kí ẹ tó dá ọ̀pá padà, ẹ fi aṣọ bo ojú ihò, kí ẹnìkan ṣí omi díẹ̀ kó ti iyanrìn jáde, kó sì tún tì í. Ẹ fi ìka kan ibi tí wọ́ṣà ń jókòó lé. Bí ojú rẹ̀ kò bá dán mọ́, tí ó ti jẹ, wọ́ṣà tuntun kò ní ran án. Ẹ̀rọ tuntun ló kù. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún onílé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Bí kíkán náà bá tiẹ̀ dúró, ìyẹn kò ní kí omi náà mọ́. Títí ẹ ó fi fọ táńkì, ẹ sẹ́ omi mímu, kí ẹ jẹ́ kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 1. Ẹni tí kò bá ní sípánà, kó bi wá níbi tó ti gba ìwé yìí.