Ìmọ̀ràn Ìlera: Ojú Tó Wo Oòrùn

*Dókítà, ọmọ kékeré ni mí ní Kétu nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lọ́dún 2006. A gbé abọ́ omi sílẹ̀, a ń wo oòrùn nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbójú sókè wò ó. Kò dùn mí rárá. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń kàwé, lẹ́tà tí mo bá tẹjú mọ́ gan-an ló máa ń sọnù lójú òsì. Ṣé oògùn wà fún un? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Kétu)*

Ẹ kú ìfaradà, ìyá ọmọ. Kò dùn yín lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú kò ní ohun tó fi ń mọ ìrora. Oòrùn lè máa jó o kí ẹ ṣì máa rẹ́rìn-ín. Ó máa ń tó wákàtí díẹ̀, nígbà míì ó máa ń di ọjọ́ kejì, kí èèyàn tó rí i pé àárín ohun tí òun ń wò ti ṣókùnkùn, tàbí pé ìlà tó gún ti wọ́. Lọ́jọ́ lásán, oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń lé ojú wa sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí òṣùpá bá ti bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú díẹ̀, ọmọlójú á là sí i, èèyàn á sì lè dúró máa wò ó. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba oòrùn tó yọ etí síta yẹn kò rọ̀ rárá. Omi inú abọ́ kì í sì í ṣe ààbò: ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, àmọ́ èyí tó ń dá padà ṣì tó pa ojú lára.

Lọ́jọ́ tí ẹ sọ yẹn, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, òjìji òṣùpá wọ Áfíríkà láti Gánà, ó gba Tógò àti àárín Benin kọjá lọ sí Nàìjíríà àti Nìjẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lé díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó wà láàárín ọ̀nà òjìji yẹn nìkan, níbi tí oòrùn ti wọlé pátápátá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ló lè fi ojú lásán wò ó, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú yẹn nìkan. Àárín ọ̀nà náà sì gba apá àríwá Kétu.

Mi ò ní tàn yín: kò sí oògùn tí a mọ̀ dájú pé ó ń wo ojú tí oòrùn jó. Ọ̀pọ̀ máa ń sàn fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn sábà máa ń dúró. Síbẹ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, torí àìsàn mìíràn, títí kan àtọ̀gbẹ, lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn, òmíràn nínú wọn sì ní ìtọ́jú. Kí ẹ tó lọ, ẹ mú ìwé onígun mẹ́rin kéékèèké tí ọmọ yín fi ń ṣe ìṣirò, ẹ fi àmì dúdú kan sáàárín, ẹ fọwọ́ bo ojú kan, kí ẹ wo àmì náà. Ibi tí ìlà bá ti wọ́ tàbí tó pòórá, ẹ fi bírò yí i ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú kejì wò ó. Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà ojú ní Àjàṣẹ́ tàbí ní ilé ìwòsàn CNHU ní Kutọnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán omi ewé, omi ọyàn tàbí ìtọ̀ sójú.

*Olùkọ́ ni mí ní Ìdìgny. Àwọn òbí fẹ́ kí a máa ti ọmọ mọ́lé nígbà tí òṣùpá bá bo oòrùn. Ṣé ó tọ́?*

Rárá, olùkọ́. Ọmọ tí a tì mọ́lé á yọjú lójú fèrèsé, kò sì ní sí ẹni tó máa kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó wò ó. Ohun ìyanu gidi ni à ń fi dù ú. Oòrùn fi nǹkan bí ìgbà 400 tóbi ju òṣùpá lọ, ó sì fi nǹkan bí ìgbà 400 jìnnà sí wa jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí kékeré fi bo ńlá mọ́lẹ̀ rẹ́gí. Ní 20 oṣù Karùn-ún 1947, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa, Benin, ṣì ń jẹ́ Dahomey, ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án ní apá kan níbí àti ní Nàìjíríà. Ẹ bi àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù. Ní ibi tó bá ṣú pátápátá, afẹ́fẹ́ á tutù, adìyẹ á wá ibùsùn, ìmọ́lẹ̀ funfun bí irun á yí òṣùpá ká. Lọ́dún 2006, Àgùàlà yọ lójú ọ̀run ní àárọ̀.

Kí àwọn ọmọ kẹ́yìn sí oòrùn, kí ẹ sì na ajọ̀ tí a fi ń jọ gààrí sókè. Lórí ilẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan á ya oòrùn tí òṣùpá ti bù jẹ. Abẹ́ igi máńgòrò náà á kún fún un, torí àlàfo àárín ewé ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó tààrà gbọ́dọ̀ lo awò tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí, tí kò họ, tí kò lu, tàbí dígí wẹ́dà nọ́ńbà 14. Awò oòrùn lásán, dígí tí a fi èéfín kùn, fíìmù x-ray, CD: ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ múra sílẹ̀ de 20 oṣù Kẹta 2034: òjìji náà máa gba Nàìjíríà kọjá, apá ńlá oòrùn ló sì máa bò lójú wa ní Kétu.

*Mo lóyún. Ìyá ọkọ mi ní bí mo bá wà níta nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, ọmọ mi máa ní àbùkù. (Ìyàwó, Ìlárá)*

Ẹ bá mi kí ìyá. Ìfẹ́ ọmọ-ọmọ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Òjìji òṣùpá kì í kan oyún. Ojú yín nìkan ni kí ẹ dáàbò bò, bíi ti gbogbo èèyàn. Ẹ jẹun, ẹ mu omi, ẹ má sì pa ọjọ́ àyẹ̀wò yín jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tàbí tí orí fọ́ yín burúkú tí ojú sì ń ṣú, ẹ má sọ pé oòrùn ló fà á: ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.