Ìsinmi Ìgbà Òtútù Láìjẹ Gbèsè: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ìdílé Wa ní Calgary

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún bàbá àti ìyá tí kò ṣètò ìsinmi kankan, tí oṣù January sì ti dé bá, tó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, tí àwọn ọmọ sì ń bára wọn jà nínú ilé lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé olówó nìkan ló ń lọ ìsinmi, tàbí pé ẹni tí kò bá ti sanwó sílẹ̀ láti oṣù September kò lè rí nǹkan kan mú mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí a wà yìí, ẹni tó bá pinnu lọ́jọ́ Monday lè ti máa sinmi lọ́jọ́ Wednesday, bó bá mọ ọjọ́ tó dáa, ibi tó sún mọ́ ọn, àti ohun tó yẹ kó béèrè kó tó yọ owó.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ti ibi iṣẹ́. Òfin Alberta fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n á sanwó rẹ̀. Tó bá pé ọdún márùn-ún, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀tọ́ ni o, kì í ṣe ojú rere ọ̀gá. Ọjọ́ tí ẹ máa lọ nìkan lẹ máa bá ọ̀gá sọ kí ẹ jọ fẹnu kò. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má kàn sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ wo ló dáa? Láti ọdún 1990 ni Alberta ti ń ṣe Family Day, ní Monday kẹta oṣù February. Àwọn olùkọ́ Calgary sì máa ń ṣe àpérò wọn ní Thursday àti Friday tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé máa ń wà nílé fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ gbogbo Calgary ló mọ̀ ọ́n, àwọn olótẹ́ẹ̀lì náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ yàrá tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ wo àárín ọ̀sẹ̀ lóṣù January, tàbí alẹ́ Sunday mọ́jú Tuesday. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà tàbí ní wíàhaòsì, tí ọjọ́ ìsinmi yín máa ń bọ́ sí Tuesday àti Wednesday, ẹ má ráhùn sí i. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ rí towó ṣe.

Ó ku ibi tí ẹ máa lọ. Banff kò ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ, wákàtí kan ààbọ̀ ni bí ọ̀nà bá dáa. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé òtútù la tún fẹ́ lọ bá lórí òkè ni?" Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó bá mọ Ìkògòsí l'Ékìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, á mọ ohun tí à ń sọ. Irú ìsun bẹ́ẹ̀ ló mú kí Banff di ìlú àlejò: ọdún 1883 làwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè rí ọ̀kan níbẹ̀, nígbà tó sì di 1885, ìjọba ti ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní Banff Upper Hot Springs lónìí, omi náà máa ń wà láàárín 37 sí 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ títí dé ọrùn, kí yìnyín máa bọ́ sí yín lórí, ẹ ó rí i bí eegun ẹ̀yìn ṣe máa tú. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ o, torí wọ́n máa ń tì í nígbà míì láti tún un ṣe.

Ọkọ̀ tó bá fẹ́ dúró nínú ọgbà Banff gbọ́dọ̀ ní páàsì Parks Canada, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá tíì ju ọdún 17 lọ kì í sanwó ìwọlé. Kananaskis yàtọ̀. Láti June 2021 ni wọ́n ti ń gba $15 lóòjọ́ lórí ọkọ̀ kan, tàbí $90 lọ́dún. Ẹ kíyè sí i pé orí ọkọ̀ ni wọ́n ń kà á sí, kì í ṣe orí èèyàn: èèyàn méje nínú fáànù kan, $15 náà ni. Bí ìdílé méjì bá fi ọkọ̀ kan lọ, ìdajì ìdajì ni.

Èrò tèmi ni pé Drumheller lèèyàn wa kì í ronú kàn, ó sì yẹ. Nǹkan bí 135 kìlómítà ni, kò ní gbèdéke òkè gíga lójú ọ̀nà, kò gba páàsì ọgbà kankan, ìgbà ooru sì lèrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ jù. Royal Tyrrell Museum, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1985, kún fún egungun dáínósọ̀ tó máa ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Monday nígbà òtútù, wọ́n máa ń tì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Ìpolówó á sọ pé yàrá kan jẹ́ $150. GST 5% á fi $7.50 lé e. Ìjọba Alberta ní owó tirẹ̀ tó ń gbà lórí yàrá, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan sì ń fi owó tiwọn kún un, wọ́n tún lè gbowó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ bi wọ́n lórí fóònù: "Èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ títí a ó fi jáde, pẹ̀lú páàkì?" Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá yàrá tó ní kíṣìnì wà. Oúnjẹ ló ń jẹ owó ìdílé ju yàrá lọ. Kúlà kan tó kún fún jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín, pẹ̀lú fúláàsì tíì, á gbà yín lọ́wọ́ ilé oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ìyá nìkan má sì se é o, torí òun náà ń lọ sinmi.

Àwọn kan á fẹ́ lọ síbi tí oòrùn wà, bí i Mẹ́síkò, torí wọ́n rí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú nírọ̀lẹ́ àná. Ẹ fara balẹ̀. Bí ọkọ̀ òfuurufú náà bá máa balẹ̀ ní Amẹ́ríkà lójú ọ̀nà, ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Amẹ́ríkà, kódà bí kò bá tiẹ̀ ní jáde ní pápákọ̀. Ẹni tó ní PR gbọ́dọ̀ mú káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, torí láìsí i wọn ò ní jẹ́ kó wọ ọkọ̀ padà sí Kánádà. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ kì í ṣe físà. Ẹ yẹ físà Kánádà yín wò kí ẹ tó jáde. Ẹni tó ṣì ń dúró de ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ ààbò rẹ̀, kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó ra ohunkóhun. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń kó ọmọ lọ, kó gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ òbí kejì. Káàdì ìlera Alberta kò sì ní san ju díẹ̀ lọ nínú owó ilé ìwòsàn lókè òkun, torí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò.

Káàdì kírẹ́díìtì ni kí ẹ fi sanwó, ẹ má san kéèṣì fún ẹnikẹ́ni. Lynx Air, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Calgary níbí, kéde ní 22 February 2024 pé òun máa kógbá wọlé. Nígbà tó fi di 26 February, ọkọ̀ wọn kankan kò gbéra mọ́, wọ́n sì ní káwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ bá iléeṣẹ́ káàdì wọn. Ta ni ẹni tó san kéèṣì fẹ́ lọ bá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wakọ̀, ẹ pe 511 láti mọ bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òfin Alberta kò fi dandan lé táyà ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá sí British Columbia, bí i Radium Hot Springs, dandan ni lórí ọ̀pọ̀ títì ńlá láti 1 October. Ẹ gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì àti omi sínú búùtù. Fóònù kì í mú láwọn ibì kan láàárín òkè.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ńkọ́? Kó béèrè fún Fair Entry lọ́dọ̀ ìjọba ìlú Calgary. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, ó sì máa ń dín owó bọ́ọ̀sì àti ti àwọn ibi ìgbafẹ́ ìjọba ìlú kù. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lóòjọ́, nítorí náà ẹ tètè kọ ọ́ kí Family Day tó dé. Village Square Leisure Centre ní north-east ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń ru ìgbì bí òkun. Ní Prairie Winds Park, àwọn ọmọ lè fi sílẹ́ẹ̀dì yọ̀ látorí òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2015 ni káàdì láíbìrì Calgary náà ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ pa fóònù ọjọ́ méjì, ẹ lọ wẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ẹ lọ yọ̀ lórí yìnyín lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì mú tówẹ̀lì àti ìbọ̀wọ́ tó ju ọ̀kan lọ dání fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí èyí àkọ́kọ́ á ti tutù láàárín wákàtí kan.