Ríra Ọkọ̀ Ológun Àlòkù

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè lò lọ. Jíìpù tí ilé-iṣẹ́ Willys àti Ford ṣe lákòókò ogun náà nìkan lé ní 600,000. Ìjọba ta púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú, àwọn àgbẹ̀ sì fi wọ́n ṣe iṣẹ́ oko. Títí di òní ni a ń lu ọkọ̀ ológun ní gbàǹjo ní ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń rà á kò ní ẹrù kankan tí wọn yóò fi gbé. Ìgbádùn ni wọ́n ń wá: wọn a tún un ṣe, wọn a kùn ún, wọn a sì wà á jáde ní ọjọ́ ọdún kí aráyé lè wò ó.

Ojú ni ó kọ́kọ́ máa ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì fẹ́ràn ohun ńlá. Lọ́rì tí a ń pè ní M35, èyí tí ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1950, ni ó ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé nínú igbó nìyẹn. Lójú títì, a gbà á láyè láti gbé ìlọ́po méjì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí pọ́n-ùn 13,000 láìtíì di ẹrù, kò sì lè sáré ju máìlì 56 lọ ní wákàtí kan. Fólítì 24 ni iná rẹ̀, nítorí náà gílóòbù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán kò wúlò fún un.

Ohun tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bíréèkì. Nínú M35A2, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo bíréèkì ń gbà dé gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí páìpù kékeré kan bá bẹ́ níbikíbi, awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì títí dé ilẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Bíréèkì ọwọ́ nìkan ni yóò kù, ta ni yóò sì fi ìyẹn dá irin tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dúró lórí ìdagẹ̀rẹ̀? Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń yọ ọ́, tí wọ́n sì ń fi oníọ̀nà méjì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó ìyẹn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíréèkì tí ó ti gbó kí ó tó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ọkọ̀.

Ewu kejì wà lára táyà. Òrùka irin kan ni ó ń di táyà náà mú, bí kò bá sì jókòó dáradára nígbà tí a ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó lè fò yọ kí ó sì pa ènìyàn. Inú àgò irin ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ń gbé e sí.

Kì í sì í ṣe ọkọ̀ ńlá nìkan ni ó léwu. Jíìpù M151 kéré, ó sì dùn-ún wò, ṣùgbọ́n bí a bá yí i lójijì lórí eré, ó yá a lára láti dojú dé. Àwọn ológun mọ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àṣà wọn láti gé e sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó tà á.

Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, M1008 tí Chevrolet ṣe fún ológun láàárín ọdún 1984 sí 1987 ni ó sàn jù. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ni ó ní, jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ̀ ọ́n tún ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ará ìlú. Kò ga fíofío bíi M35, àwọn ọmọdé kò sì ní sáré tẹ̀lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. SF 97 ni ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé òun ti ta ọkọ̀ fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n a máa ń ta àwọn ọkọ̀ mìíràn fún ìlò inú oko nìkan. Òfin ìpínlẹ̀ kan kò sì jọ ti èkejì. Ẹni tí ó bá sanwó kí ó tó béèrè lè wá rí i pé ọkọ̀ òun kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ọgbà òun.