Ọpẹ́ Betsie

Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń dúpẹ́ nínú ìnira, ẹ má yára pè é ní òmùgọ̀. N kò mọ Betsie ten Boom rí, àmọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ Holland ni. Torí pé ìdílé rẹ̀ fi àwọn Júù pamọ́ ni àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì fi mú wọn ní 1944. Ní Ravensbrück, àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó Betsie lọ, kòkòrò amùjẹ̀ kún ibùsùn wọn. Betsie ní kí Corrie àbúrò rẹ̀ bá òun dúpẹ́ nítorí àwọn kòkòrò náà. Ó ṣòro fún Corrie, kò sì yà mí lẹ́nu! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n mọ̀ pé kòkòrò wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ wọlé, tí àwọn méjèèjì fi ń ráyè ka Bíbélì. Betsie kú síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ẹ wá ìtàn rẹ̀ kà.