Akọ́nimọ̀ọ́ngbá

Kóòṣì ni àwa tí a dàgbà sí Ìbìní ń pè é; akọ́nimọ̀ọ́ngbá ni Yorùbá ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀: a-kọ́-ni-mọ̀-ọ́n-gbá, ẹni tí ń kọ́ni títí a ó fi mọ bọ́ọ̀lù gbá. “Títí” yẹn gba àkókò.

Ẹ wo Shaibu Amodu, ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ó mú Super Eagles yege fún Ife Àgbáyé 2002. Wọ́n yọ ọ́, Festus Onigbinde ló kó wọn lọ. Ó tún mú wọn yege fún ti 2010. Wọ́n tún yọ ọ́, Lars Lagerbäck ará Sweden ló kó wọn lọ. Nígbà méjèèjì, wọn kò na ẹnikẹ́ni. Ọ̀mì kan péré ni wọ́n ta.

Ta ni í pààrọ̀ olùkọ́ nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ tú “akọ́nilẹ́kọ̀ọ́” palẹ̀.