Ẹ Mọ Ẹni Tó Ń Gbé Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yín

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé fúláàtì káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkìlọ̀ yìí kàn yín.

Lóṣù Kejì ọdún 2022, ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn fúláàtì kan ní Peckham, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Òkú obìnrin kan ni wọ́n bá, ó sì ti lé lọ́dún méjì tó ti kú. Àwọn ará ilé ti fẹjọ́ òórùn sùn títí. Owó ilé ń wọlé látinú owó ìrànwọ́ ìjọba, kò sì sẹ́ni tó fojú kàn án.

Ó lè ṣẹlẹ̀ sí àwa náà, torí “jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni mo wà” ti di orin lẹ́nu wa. Ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn ń kí yín lórí WhatsApp, ó ṣeun púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣubú ní balùwẹ̀, kò lè bá yín ṣílẹ̀kùn. Ẹ ń bẹ̀rù òfófó? Ẹ má sọ àṣírí fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé nínú líìfù. “Ẹ káàárọ̀” ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ẹ gba nọ́ńbà ara yín, kẹ́ ẹ jọ ṣàdéhùn pé ẹni tí ò bá gbúròó ẹnì kejì títí di ọ̀sán yóò lọ wò ó.

Bí lẹ́tà bá há sẹ́nu ilẹ̀kùn aládùúgbò, tí kọ́tìnì ò ká mọ́, ẹ má ṣe sọ pé “yóò ti rìnrìn àjò.” Ẹ kanlẹ̀kùn, ẹ sọ fún ọ́fíìsì onílé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀mí wà nínú ewu, ẹ pe 999. Ẹ má dákẹ́ títí ẹnìkan yóò fi fojú rí aládùúgbò náà.

Ẹ kíyè sí ọkàn ara yín náà. Ẹni tí oorun ò kùn mọ́, tí oúnjẹ ò wù ú, tó ń sunkún láìnídìí, kì í ṣe ọ̀lẹ, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò sì kéré. Kí pásítọ̀ àti àfáà gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì ní kó lọ rí dókítà rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú Samaritans ń gbé ìpè lọ́sàn-án lóru lórí 116 123, ọ̀fẹ́ ni. Bí ọkàn bá dàrú gan-an, ẹ pe 111, nọ́ńbà ètò ìlera ìjọba, kẹ́ ẹ tẹ 2.

Bí ẹnìkan bá sì wá kan ilẹ̀kùn tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn.